Adénúgà àti Funke Opeke: ta ló mọ ọjà ná jù, ta ló sì mọ ìpinnu ṣe?

Olùkọ́_Àgọ́dì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí ní Ìbàdàn ní kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń dá òwò sílẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ṣe ń darí àyípadà, bó ṣe ń ṣe ìpinnu, àti bó ṣe ń ná ọjà ńlá. Mi ò ní mú Steve Jobs débẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ tirẹ̀ títí ó ti sú wọn. Mike Adénúgà tó ni Glo ni mo fẹ́ lò, àárín 2001 sí 2003 ni mo sì fẹ́ dúró sí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kéré nígbà náà: ní oṣù Kínní 2001, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, ṣe gbàǹjo ìwé àṣẹ GSM, ìyẹn fóònù alágbèéká, ní Abuja. Ilé-iṣẹ́ Adénúgà tó ń jẹ́ CIL wà lára àwọn tó mú un, pẹ̀lú MTN àti Econet. Mílíọ̀nù 285 dọ́là ni gbàǹjo náà dúró lé. Owó CIL kò wọlé kí gbèdéke tó kọjá, bí ìwé àṣẹ ṣe bọ́ nìyẹn, mílíọ̀nù 20 dọ́là tí wọ́n ti san sílẹ̀ náà sì wọgbó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ó ti parí. Àfi bó ṣe di oṣù Kẹjọ 2002 tó tún padà wá, tó gba ìwé àṣẹ mìíràn ní mílíọ̀nù 200 dọ́là, èyí tó sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kejì fún gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ́yìn NITEL ti ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ 2003, Glo, ìyẹn Globacom tó fi gba ìwé àṣẹ náà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n sì fi ń ka owó ìpè, nígbà tí àwọn tó ti wà níbẹ̀ ń kà á ní odidi ìṣẹ́jú.

Tèmi ni pé ìpinnu ìṣẹ́jú àáyá yẹn ló gba láyà jù nínú gbogbo ìpinnu òwò tí mo rí ní Nàìjíríà láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti dé. Ta ló fẹ́ bá mi jiyàn?

Ìyá_Ìbejì_Balógun

Mi ò bá ẹ jiyàn, ọmọ mi. Ojú mi ló ṣe.

Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan kí Glo tó dé. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ta kọ́ọ̀lù lábẹ́ agboòrùn níwájú ìsọ̀ wa, aago ni wọ́n máa ń gbé sórí tábìlì. Oníbàárà á máa sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin á tẹjú mọ́ aago. Bó bá ti ku díẹ̀ kí ìṣẹ́jú pé, á bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka sí i pé "ó ń lọ o, ó ń lọ o!" Àgbà ọkùnrin á já ìpè mọ́ ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu láìdágbére. Bó bá wá fi pẹ́nrẹ́n wọ ìṣẹ́jú kejì, ọgọ́rùn-ún náírà nìyẹn, ìjà dé. Mo rí ẹni tí wọ́n fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya lórí ọ̀rọ̀ yìí lójú ọ̀nà.

Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó nílò àlàyé nígbà tí wọ́n ní ìwọ̀n tóo bá sọ ni wàá san. Àwa oníṣòwò tí ọ̀rọ̀ wa kì í ju "ẹrù ti dé, ẹ wá gbé e" lọ, àwa ni ìpinnu yẹn bá jù lọ.

Enjiníà_Ọ̀wọ̀

Ẹ jẹ́ kí n tako ẹ̀gbọ́n Olùkọ́ díẹ̀, kí àwọn ọmọ tí wọ́n ń lọ bá sọ̀rọ̀ má baà gba ìtàn akọni lásán.

Kí Glo tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn tó wà lórí pápá ń sọ ni pé kò tíì ṣeé ṣe láti máa ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá. Glo bẹ̀rẹ̀ báyìí, kò pẹ́ rárá tí àwọn náà fi ń ṣe é. Ohun tó ń dá wọn dúró kì í ṣe ẹ̀rọ. Owó tó ń wọlé fún wọn ni. Ẹni tó pe èèyàn fún ìṣẹ́jú àáyá 12 tó sì san náírà 50, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá pín in tó bó ṣe yẹ, náírà 10 ló jẹ. Náírà 40 tó kù yẹn, ẹ fi ìpè gbogbo ọjọ́ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá sọ fún mi ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó máa dìde níwájú ìgbìmọ̀ olùdarí kó ní kí wọ́n sọ ọ́ nù.

Adénúgà kò ní oníbàárà kankan ní ọjọ́ tó ń ṣe ìpinnu yẹn. Kò ní náírà 40 kankan láti pàdánù. Ẹ̀rọ tó rà náà tuntun, 2.5G, ìran ẹ̀rọ tó tẹ̀lé 2G, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí la wá ń pè ní láyà níbẹ̀? Ohun tó bọ́gbọ́n mu fún ẹni tó dé kẹ́yìn ló ṣe. Ibi tí ó gba láyà ni 2002, nígbà tí ẹni tí 20 mílíọ̀nù dọ́là ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tún kó 200 jáde síwájú NCC kan náà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àkókà

Ẹ̀gbọ́n Enjiníà ti sọ ọ́. Mo kàn fẹ́ fi ìṣirò tì í lẹ́yìn.

MTN àti Econet san 285 ẹnì kọ̀ọ̀kan, M-Tel ti NITEL náà san iye yẹn. GSM ni gbogbo wọn rà. Ìwé àṣẹ tí Globacom gbà ní 2002 ní GSM nínú, ó ní tẹlifóònù onílà nínú, ó sì ní àṣẹ láti máa gbé ìpè wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè àti láti gbé e jáde. 200 ni. Bí ẹ bá ka 20 tó sọnù mọ́ ọn, 220. Ó fi 65 mílíọ̀nù dọ́là kéré sí ohun tí àwọn yòókù san, ẹrù tó gbé lọ sílé sì tóbi ju tiwọn lọ.

Ṣé a lè sọ pé bó ṣe pàdánù ní 2001 gan-an ló jẹ́ kó ná ọjà dáadáa ní 2002?

Enjiníà_Ọ̀wọ̀

Rárá o. Àbúrò, ẹ kò tíì ka ọdún méjì tó fi jókòó sílé. Oṣù Kẹjọ 2001 ni àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àwọn olówó tí owó síìmù ò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn, gbogbo ilé-iṣẹ́, gbogbo bánkì, àwọn ẹlòmíràn ti kó wọn lọ kí ó tó dé. Ọdún méjì lọ́jà tí ebi fóònù ń pa, èló lẹ máa kà á sí? Ó ju 65 mílíọ̀nù lọ dáadáa, lójú tèmi.

Ìyá_Ìbejì_Balógun

Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ gbọ́ tèmi.

Nígbà náà, ohun tí a gbọ́ ni pé CIL sọ pé ìgbì, ìyẹn ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ìpè ń gbà, tí wọ́n fẹ́ fún àwọn ní ẹlòmíràn tó ń pè é ní tirẹ̀, pé ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Èmi tí mo ń ta léèsì, bí wọ́n bá gbé aṣọ wá fún mi tí ẹnì kan dúró sí ẹnu ọ̀nà tó ń pariwo pé wọ́n jí i lọ́dọ̀ òun ni, ṣé màá ka owó sílẹ̀ kí n tó béèrè? Màá ní kí wọ́n kọ́kọ́ parí ìjà wọn ná. Bí àsansílẹ̀ mi bá sì há síbẹ̀, á há síbẹ̀. Ó sàn ju kí gbogbo owó há lọ.

Ẹ má gbàgbé, léèsì ni ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀, òun àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kó tó dé ìdí epo. Ẹni tó ti ta léèsì rí mọ ìgbà tí èèyàn ń kúrò nídìí ọjà.

Enjiníà_Ọ̀wọ̀

Ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ná ọjà níbẹ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn fi yin gbàǹjo 2001 ni pé NCC, lábẹ́ Ernest Ndukwe, kò yí gbèdéke padà fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ pé, owó ò wọlé, ó parí. Kò sí "ẹ bá mi dá a sí ọ̀sẹ̀ kan." Ní ìlú tí a ti mọ̀ pé èèyàn ńlá máa ń lọ rí èèyàn ńlá lóru, ìyẹn jẹ́ ohun tuntun.

Ohun tí èmi máa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn ni pé kí wọ́n tó jókòó láti ná ohunkóhun, kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tó wà níwájú wọn ní àṣẹ láti yí nǹkan kan padà. Bí kò bá ní, ọ̀rọ̀ dídùn kò wúlò níbẹ̀. Ẹ sanwó tàbí ẹ máa lọ.

Olùkọ́_Àgọ́dì

Èyí dùn mọ́ mi. Mi ò rò ó lọ síbẹ̀ yẹn rí. Ẹ máa bá a lọ.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó

Ẹ ti gbàgbé ibi tí owó ti wá. Ọdún 1990 ló gba ìwé àṣẹ epo, nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn tí wọ́n gbà á ń wá òyìnbó tí wọ́n máa tà á fún. Oṣù Kejìlá 1991 ni Consolidated Oil kan epo nínú omi Oǹdó. Ẹ wá wo 2000, ìjọba ń ta National Oil, ó rà á, ó di Conoil. Ó ní bánkì pẹ̀lú. Ọkùnrin tó dé ọ̀dọ̀ NCC ní 2002 kì í ṣe ẹni tó ń yá owó kiri. Ẹ má lọ tan àwọn ọmọ yẹn jẹ pé láyà nìkan ló gbà.

Fáíbà_Lẹ́kì

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti àná. Ẹ̀ka okùn abẹ́ òkun ni iṣẹ́ mi wà, mo sì fẹ́ mú ẹlòmíràn wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, torí ohun tí Ọmọ Ìjẹ̀bú Igbó sọ ló gbé e wá: kí ni ẹni tí kò ní kànga epo máa ṣe?

Funke Opeke. Ifẹ̀ ló ti kàwé enjiníà, ó lọ sí Columbia, ó ṣiṣẹ́ ní Verizon ní Amẹ́ríkà. Ó padà wálé ní 2005, ó di ọ̀gá ẹ̀rọ ní MTN Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ló lọ sí NITEL nígbà tí Transcorp, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan, rà á, iṣẹ́ àtúnṣe yẹn kò sì rí bí wọ́n ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni èèyàn ti lè fojú ara rẹ̀ rí i pé okùn kan ṣoṣo, SAT-3, ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ Nàìjíríà lábẹ́ òkun, ọwọ́ NITEL sì ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà. Ní 2008 ó dá MainOne sílẹ̀ láti fa okùn tuntun láti Portugal, nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Owó rẹ̀: mílíọ̀nù 240 dọ́là.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Oṣù Kẹsàn-án 2008 ni Lehman Brothers, bánkì ńlá kan, wó ní New York. Kò sí bánkì tó fẹ́ gbọ́ orúkọ owó yíyá. Irú iṣẹ́ okùn yìí sì ní wàhálà kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan: àwọn tó máa yá ọ lówó fẹ́ rí oníbàárà tó ti fọwọ́ síwèé, oníbàárà fẹ́ rí okùn, ẹni tó máa fa okùn fẹ́ rí owó. Àwọn mẹ́ta ń wo ojú ara wọn. Iṣẹ́ olùdásílẹ̀ níbẹ̀ ni kó máa gbé ìwé láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì, títí ẹnì kan fi máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ó rí Africa Finance Corporation, ó rí àwọn bánkì Nàìjíríà, African Development Bank náà yá wọn lówó. Fọlá Adéọlá, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá GTBank sílẹ̀, ni alága MainOne. Tyco ti Amẹ́ríkà ló fa okùn. Oṣù Keje 2010, iná ti wà lórí rẹ̀, Accra àti Èkó.

Ibi tí ó wá dùn sí nìyí. Ní àkókò kan náà, Adénúgà ń fa okùn tirẹ̀, Glo-1, láti Bude, ìlú kékeré kan létí òkun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí dé Èkó, 9,800 kìlómítà. Alcatel-Lucent ló bá a ṣe é. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ni gbogbo rẹ̀. Okùn náà gúnlẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án 2009. Òkun kan náà, àsìkò kan náà, ọ̀nà méjì tí kò jọra rárá láti ṣe ìpinnu.

Olùkọ́_Àgọ́dì

Háà. Mo ti fi orúkọ rẹ̀ kún àkòrí o. Fáíbà, ẹ má lọ. Nínú ọ̀nà méjèèjì, èwo ló dára jù?

Fáíbà_Lẹ́kì

Ó kù sí ohun tí ẹ fẹ́ fi okùn ṣe lẹ́yìn tó bá dé.

Okùn tó dé etíkun kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì nílé ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fi máa di 2012, okùn mìíràn tó ń jẹ́ WACS náà ti dé. Okùn pọ̀ létí omi bí nǹkan míì, owó rẹ̀ ń já wálẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó wà ní Ìbàdàn kò rí nǹkan kan gbà, torí kò sí fáíbà, ìyẹn okùn inú ilẹ̀, tó máa gbé e kúrò ní Lẹ́kì. Ohun tí MainOne dá sílẹ̀ láti máa tà ti ń di ohun tí gbogbo èèyàn ní. Adénúgà ní oníbàárà tirẹ̀ tó máa lo okùn tirẹ̀, Opeke kò ní. Ó di dandan fún un láti yí òwò padà.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ nínú Èkó fún fáíbà. Ó kọ́ dátà sẹ́ńtà sí Lẹ́kì, wọ́n ṣí i ní 2015, ilé tí iná kò gbọdọ̀ kú fún ìṣẹ́jú kan, tí àwọn bánkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá lè gbé sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà wọn, sí. Láti orí okùn bọ́ sí orí ilé. Fún ìgbìmọ̀ tó ti kó 240 mílíọ̀nù dọ́là sínú omi, kí wọ́n tún fọwọ́ sí owó ilé tí a ní láti máa fi dísù bọ́ tọ̀sán tòru, ìyẹn ni mo pè ní darí àyípadà. Ẹ kò lè pàṣẹ fún irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní láti mú ìṣirò wá lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún mú un wá, kí ẹ sì gbà kí wọ́n fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ lójú yín.

Ní oṣù Kejìlá 2021, Equinix ti Amẹ́ríkà kéde pé àwọn máa ra MainOne ní mílíọ̀nù 320 dọ́là. Dátà sẹ́ńtà ni iṣẹ́ Equinix. Ẹ rí i pé ohun tí òwò yẹn kò ní ní 2010 ló fa olùrà wá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àkókà

Ẹ má bínú, 240 wọlé, 320 jáde, ọdún mọ́kànlá láàárín. Èrè dà níbẹ̀?

Fáíbà_Lẹ́kì

Ẹ má fi ọ̀kan yọ èkejì. 240 ni owó iṣẹ́ okùn àkọ́kọ́, gbèsè wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń san láti inú owó tó ń wọlé. 320 ni iye tí wọ́n dá lé gbogbo ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ títà. Kí ẹ tó mọ èrè ẹni kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìpín tirẹ̀ àti ohun tó ti gbà láàárín.

Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà. Dọ́là ló wọlé, dọ́là ló jáde. Ẹ lọ wo iye tí náírà ń ṣe sí dọ́là ní 2010, kí ẹ wo ti 2022, ẹ máa mọ ìdí tí àwọn olùdókòwò fi sùn dáadáa.

Àkànní_Kùtọ́nú

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi wà ní Kùtọ́nú, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí apá ibí tí ẹ kò mẹ́nu bà.

2008 ni Glo dé Bẹ̀nẹ̀. Ariwo ńlá ni nígbà yẹn. Lónìí, Glo ò sí níbí mọ́. Gánà ńkọ́? 2008 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ, 2012 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún mẹ́rin gbáko! Ẹ fi wé ti Nàìjíríà: oṣù Kẹjọ 2002 gba ìwé, oṣù Kẹjọ 2003 bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan náà ni, owó kan náà.

Lójú tèmi, ìpinnu tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣe máa ń yára níbi tí ẹni náà wà. Bó bá ti kọjá ẹnu ibodè, tí ẹni tó wà níbẹ̀ ní láti dúró de èsì láti Èkó kó tó gbé ẹsẹ̀, ọjà ti lọ.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó

Àkànní, Gánà kì í ṣe Nàìjíríà. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ kó tó dé, òun ni ẹnì kẹfà. Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ọ̀nà ìpinnu.

Àkànní_Kùtọ́nú

Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó fi ọdún mẹ́rin dé ìkẹfà?

Ìyá_Ìbejì_Balógun

Hẹn! Àkànní ti mú un.

Enjiníà_Ọ̀wọ̀

Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ yẹn, a ò lè dúró sí 2003. Ẹ jẹ́ ká dé 2024.

Oṣù Kínní 2024, NCC kéde pé òun ti fún MTN láyè láti dí apá kan ìpè tó ń ti Glo bọ̀, nítorí gbèsè owó tí nẹ́tíwọ̀kì kan máa ń san fún èkejì tó bá bá a parí ìpè. Wọ́n fi ọjọ́ sí i. Nígbà tí ọjọ́ yẹn kù fẹ́ẹ́fẹ́, àwọn méjèèjì jókòó, NCC sún un síwájú, wọ́n sì yanjú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìyẹn náà jẹ́ ọ̀nà ìnájà, kí èèyàn máa fà á títí dé bèbè. Ó lè dín owó kù fún ẹni tó ń fà á. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọn kò sí nídìí tábìlì, ìyẹn oníbàárà, ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà.

Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, NCC tún ìwé kà. Iye síìmù Glo já láti ohun tó lé ní 60 mílíọ̀nù sí nǹkan bíi 19. Kí ẹ má ṣì mí gbọ́, kì í ṣe pé 40 mílíọ̀nù èèyàn jí lọ́jọ́ kan tí wọ́n sá. Síìmù tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni wọ́n ṣì ń kà mọ́ ọn. Ìbéèrè tèmi ni pé nínú ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan ni gbogbo ìpinnu ń lọ, ta ló láyà láti gòkè lọ bá a kó ní "Ọ̀gá, iye yìí kò rí bẹ́ẹ̀"?

Mi ò sọ pé mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn. Gbogbo òwò olùdásílẹ̀ ni mò ń bá wí. Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ibi kan tí mi ò ní dárúkọ, tó jẹ́ pé ọ̀gá ló ń fọwọ́ sí owó táyà mọ́tò. Mọ́tò mẹ́ta dúró sí ọgbà tí wọn ò lè jáde nítorí ọ̀gá rìnrìn àjò. Kò sí ẹni tó burú níbẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọn ò ju èèyàn mẹ́jọ lọ, kò sì sẹ́ni tó yí i padà.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó

Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì. Ẹni tí kò ní olùdókòwò lórí lè dúró. Ìgbìmọ̀ wo ló máa gba kí Adénúgà padà lọ kó 200 sílẹ̀ ní 2002 lẹ́yìn tí 20 ti bọ́? Wọ́n á ti lé e lọ kí ọdún 2001 tó parí. Ohun tí ẹ ń bú yẹn náà ló bí Glo. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Bella Disu, ti wà ní ipò igbákejì alága báyìí, kì í ṣe pé kò ronú kan ọjọ́ iwájú.

Fáíbà_Lẹ́kì

Òótọ́ ni. Mo gbà pé ìgbìmọ̀ kankan kì bá tí fọwọ́ sí i. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni Fọlá Adéọlá tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Òun àti Táyọ̀ Adérìnọ́kun gba ìwé àṣẹ GTBank ní 1990. Ní 2002, ní ọdún kan náà tí Adénúgà ń kó 200 sílẹ̀, Adéọlá fúnra rẹ̀ dìde kúrò lórí àga ọ̀gá àgbà, kò sẹ́ni tó lé e, Adérìnọ́kun jókòó síbẹ̀. Nígbà tí Adérìnọ́kun kú ní 2011, Ṣẹ́gun Agbájé gbà á, bánkì kò mì.

Ọkùnrin tó ti yọ̀ǹda àga fúnra rẹ̀ rí ló wá lọ jẹ́ alága fún Opeke. Mi ò rò pé ó ṣèèṣì. Bí mo bá ń wá owó lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ra, irú èèyàn tí màá fẹ́ kí wọ́n rí lórí ìwé mi nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_Balógun

Èmi ní ìbéèrè kan. Àwọn ọmọ tí Olùkọ́ ń lọ bá sọ̀rọ̀ yìí, ṣé wọ́n ní kànga epo? Ṣé wọ́n ní alága tó ti dá bánkì sílẹ̀ rí? Bí wọn kò bá ní, kí ni wọ́n máa mú lọ sílé?

Akẹ́kọ̀ọ́_Àkókà

Ìyá wa, tèmi ni pé kí wọ́n mú ohun tí ẹ̀gbọ́n Enjiníà sọ lórí náírà 40 lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó wá owó tí àwọn àgbà ọjà ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà láìtọ́, tí wọn kò lè fi sílẹ̀ torí ó ti mọ́ wọn lára. Kó fi ìyẹn ṣe ohun tí òun ò ní gbà. Kò ná an ní nǹkan kan, torí kò tíì ní in.

Enjiníà_Ọ̀wọ̀

Kó sì mọ̀ pé wọ́n máa tẹ̀lé òun láìpẹ́. Glo kò rí ju ìwọ̀nba oṣù lọ tó fi dá ṣe é. Àsìkò tó fi ń dá ṣe é nìkan ló ní láti fi kó èèyàn jọ.

Olùkọ́_Àgọ́dì

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ní Sátidé ti yí padà. Mo máa yọ apá epo kúrò, àkókò ò ní tó. Màá fi 2001 sí iwájú, MainOne á tẹ̀lé e, màá wá bi wọ́n ta ló ń fọwọ́ sí owó níbi iṣẹ́ tiwọn bí ọ̀gá kò bá sí nílé.

Fún ti 2001, mo fẹ́ pín wọn sí ọ̀nà méjì kí wọ́n dìbò. Ìwọ lo ni CIL. O ti san 20. Wọ́n ní kó o mú 265 tó kù wá kí gbèdéke tó pé, o sì gbọ́ pé ẹjọ́ wà lórí ìgbì tí wọ́n fẹ́ fún ọ. Ṣé wàá san?

Enjiníà_Ọ̀wọ̀

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àdéhùn kan: ẹ má sọ fún wọn pé ó padà wá ní 2002 kí wọ́n tó dìbò. Bí wọ́n bá ti mọ̀, gbogbo wọn ló máa di ọlọ́gbọ́n.

Ìyá_Ìbejì_Balógun

Èmi ò ní san o.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àkókà

Èmi máa san, mà. Ọdún méjì ti pọ̀ jù.